Ojú Tí A Fi Ń Wo Ikú Olókùn-ẹṣin

Ní Ìkòtún, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ìjọ, àwọn àgbà Àwórì kì í fẹ́ kí ọmọ dàgbà láì gbọ́ bí orúkọ wọn ti ṣẹ̀. Wọn a ní, nígbà tí Ọlọ́fin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí, wọ́n gbé àwo kan lé orí omi, wọ́n sì ń tẹ̀lé e bí odò ti ń gbé e lọ, nítorí a ti sọ fún wọn pé ibi tí àwo náà bá rì sí ni kí wọ́n fi ṣe ilé. Wọn a ní, nígbà tí a béèrè bí àwo náà ti ṣe sí, èsì tí ó wá ni pé àwo ti rì. Láti inú ọ̀rọ̀ náà ni a sì ti ń pe àwọn ọmọ Ọlọ́fin ní Àwórì títí di òní.

Ní ọjọ́ kan mo pa ìtàn yìí fún kíláàsì àwọn ọ̀dọ́. Ọmọdékùnrin kan, tí àwọn òbí rẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn wá gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá, bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, báwo ni àwo ṣe lè fi ilé han ènìyàn?" N kò bá a wí. Mo bi í bóyá ó gba ìtàn Nóà gbọ́. Ó ní òun gbà á gbọ́. Mo ní, "Ta ni ó sọ fún Nóà pé omi ti fà kúrò lórí ilẹ̀?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹyẹlé ni, sà." Gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín, òun náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

N kò ṣe èyí láti fi ìtàn méjèèjì dọ́gba. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe yóò mọ èyí tí mo gbé ìgbésí ayé mi lé. Mo ṣe é kí ọmọ náà lè rí ojú ara rẹ̀. Ẹyẹlé kò pa á lẹ́rìn-ín, nítorí ó mu ún mọ́ ọmú ìyá rẹ̀. Àwo pa á lẹ́rìn-ín, nítorí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ni ó ti pàdé rẹ̀. Ohun tí a bá bá nílé a máa dà bí òtítọ́ láì béèrè ẹ̀rí. Ohun tí a bá bá ní ìta ni a máa ń bi ní ẹgbẹ̀rún ìbéèrè.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní agbègbè wa. Nígbà tí a ka ènìyàn ní ọdún 1,200,000 kọjá ni iye tí a kà ní Alímọ̀ṣọ́, ìyẹn ní 2006, láti ìgbà náà ni a sì ti ń pọ̀ sí i. Láti Ìgàndò títí dé Ìpájà, Àwórì tí ó ni ilẹ̀ ń bá Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Èkìtì, Ègùn, Ìgbò àti Haúsá gbé inú àgbàlá kan náà. Ìpè àdúrà àwọn Mùsùlùmí a máa jí wa ní ìdájí, agogo ìjọ a sì tẹ̀lé e. Ọmọ tí a ń kọ́ lónìí yóò lo ọjọ́ ayé rẹ̀ láàárín àwọn tí ìtàn wọn kì í ṣe ìtàn ilé bàbá rẹ̀. Bí a kò bá kọ́ ọ bí a ti í wo ohun ẹlòmíràn, ìwé tí a kọ́ ọ kò tíì pé.

Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìwé kan tí ó gbé ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò dáadáa ju èyíkéyìí tí mo tíì kà lọ. Eré-oníṣe ni. Wọlé Ṣóyínká kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1975, pẹ̀lú orúkọ Death and the King's Horseman. Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa ní ọdún 1994, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Ikú Olókùn-ẹṣin. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé olùkọ́ ìjọ ni ó ń sọ̀rọ̀ lórí ìwé abọ́bakú. Ọmọ ilé ìjọ Áńgílíkà ni Ṣóyínká fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé St. Peter ní Aké, ní Abẹ́òkúta, ni bàbá rẹ̀, inú ọgbà ìjọ náà ni a sì ti tọ́ ọ.

Ohun tí ìwé náà dúró lé lórí ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní Ọ̀yọ́. Àṣà ni pé Olókùn-ẹṣin, olóyè tí ó ti bá ọba jẹ adùn ayé, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọba dá ìrìn àjò náà rìn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1945, nígbà tí Jínádù tí ó wà lórí oyè náà dìde láti lọ, ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó, J. A. MacKenzie, ní kí a mú un kí ó má baà kú. Nígbà tí a ti dí bàbá lọ́nà, Múránà, àbíkẹ́yìn ọmọ rẹ̀, kú dípò rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ fẹ́ gba ẹ̀mí kan là. Ẹ̀mí tí kò sí nínú ìṣírò rẹ̀ ni ó lọ sí i.

Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Ṣóyínká kọ sí ìwé rẹ̀, ọdún 1946 ni ó dá fún ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ó sì jẹ́wọ́ pé òun fa eré náà sẹ́yìn bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kí ó lè bọ́ sí àkókò tí ogun àgbáyé ṣì ń jà. Kí olùkọ́ tí ń kọ́ni ní ìtàn kíyèsí èyí. Ìwé eré kì í ṣe ìwé ìtàn, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan dí ipò èkejì.

Kí a tó wo àwọn ènìyàn inú ìwé náà, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Yorùbá kì í sọ pé ọba kú. Ọba wàjà ni à ń wí. Ẹni tí ó bá a lọ, abọ́bakú ni à ń pè é. A kì í pè é ní ẹni tí ó pa ara rẹ̀. Nínú ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì péré ni ó wà nílẹ̀ fún irú ikú bẹ́ẹ̀, ìpànìyàn tàbí ìpara-ẹni, òfin sì lòdì sí méjèèjì. Nígbà tí Àmúsà, sájẹ́ńtì ọlọ́pàá inú ìwé náà, máa kọ ìròyìn ọ̀ràn náà sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, kò lo ọ̀kankan nínú wọn. Ó so ọ̀rọ̀ kan pọ̀ fúnra rẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ, bí ẹni pé ikú jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn lè dáwọ́ lé. Òǹwòran a máa rẹ́rìn-ín níbẹ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ọlọ́pàá náà kò gún. Ní tèmi, kò sí ẹlòmíràn nínú ọ́fíìsì náà tí ó sún mọ́ òtítọ́ tó o. Ó wò ó pé aṣọ èdè tí a fi lé òun lọ́wọ́ kò tó bo ohun tí òun fẹ́ bò, ó sì lẹ aṣọ náà.

Ìtàn inú ìwé náà kò gùn. Ẹlẹ́ṣin, ẹni tí yóò bá ọba lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà, jó wọ ọjà pẹ̀lú apohùn rẹ̀, Olóhùn-iyọ̀. Ó rí ọmọge kan níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ fà sí i, ó sì fẹ́ fi ṣe aya kí ó tó lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọge náà jẹ́ àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà. Ìyálọ́jà yọ̀ǹda rẹ̀, nítorí ta ni yóò fi nǹkan du ẹni tí ń lọ? Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún un. Ní alẹ́ kan náà, ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó tí ó ń jẹ́ Pilkings ń múra láti lọ sí àríyá ijó tí a ṣe fún àrẹ̀mọ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbọ́ ohun tí Ẹlẹ́ṣin fẹ́ ṣe, ó sì ní kí a mú un. Olúndé, àkọ́bí Ẹlẹ́ṣin, tí Pilkings ti ràn lọ́wọ́ láti lọ kọ́ ìṣègùn ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ti gbọ́ pé ọba wàjà. Ó padà wálé láti sin bàbá rẹ̀, ó sì bá bàbá rẹ̀ láàyè lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Olúndé kú dípò rẹ̀. Nígbà tí a gbé òkú rẹ̀ dé iwájú Ẹlẹ́ṣin nínú àhámọ́, bàbá náà fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Ẹni kan ni ó yẹ kí ó lọ. Ẹni méjì ni ó lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ dúró sí pẹ́ ni ìran kejì. Níbẹ̀, Pilkings àti Jane aya rẹ̀ wọ ẹ̀kú egúngún tí ìjọba ti gbà lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, wọ́n sì ń fi í jó ijó tango sí ohùn giramafóònù. Lójú tiwọn, aṣọ àríyá ni. Àmúsà wọlé, ó rí ẹ̀kú lára ọ̀gá rẹ̀, jìnnìjìnnì sì bò ó. Kò lè sọ̀rọ̀ ikú fún ẹni tí ó wọ aṣọ ará ọ̀run. Pilkings bínú sí i, nítorí Mùsùlùmí ni Àmúsà, òun kan náà ni ó sì lọ mú àwọn olórí egúngún tí ó dá rúgúdù sílẹ̀. Èsì Àmúsà ni pé àwọn arúfin ni òun mú, òun kò fọwọ́ kan egúngún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo bá ka ibí yìí pọ̀ ní ojo ni Àmúsà, tàbí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tíì jinlẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àmúsà mọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kò mọ̀, pé ènìyàn lè fi ẹ̀sìn kan sílẹ̀ kí ó má sì fi àbùkù kàn án. Irú Àmúsà pọ̀ láàárín wa. Mo mọ ìyá kan ní Ìgàndò tí kì í pa ọ̀sẹ̀ ìsìn kan jẹ, síbẹ̀ tí kò jẹ́ fi orúkọ egúngún ilé bàbá rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀. A máa ń pe irú wọn ní ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Bóyá ó sàn kí a pè wọ́n ní ẹni tí ó rántí ibi tí òun ti ń bọ̀.

Ṣóyínká kò sì dúró níbẹ̀. Ó mú ọmọ-ọ̀dọ̀ kan wọlé, Joseph, ẹni tí ó jẹ́ onígbàgbọ́. Joseph kò bẹ̀rù ẹ̀kú; ó ní onígbàgbọ́ rere ni ọ̀gá òun, oògùn ènìyàn dúdú kò lè ràn án. Inú Pilkings ìbá dùn sí i. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Pilkings fúnra rẹ̀ fi sọ̀rọ̀ ẹ̀gàn sí omi mímọ́ lójú Joseph, ọkàn ọmọ-ọ̀dọ̀ náà sì gbọgbẹ́. Ẹ kíyèsí i dáadáa, ẹ̀yin ará. Ọwọ́ tí ó fi ẹ̀kú ṣeré ni ó tún fi omi ìsìn ṣeré. Àwa onígbàgbọ́ kan ti máa ń rò pé ẹni tí ó bá kẹ́gàn ohun ìbílẹ̀ ti di ọ̀rẹ́ ìgbàgbọ́ wa. Ìwé yìí fi hàn wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ bí a ti í bọ̀wọ̀ fún ohun mímọ́ ẹlòmíràn kì í sábà mọ bí a ti í bọ̀wọ̀ fún ti ara rẹ̀.

Ní ìran kẹrin ni ìwé náà ti sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ gan-an. Olúndé bá Jane pàdé níbi àríyá náà, Jane sì ròyìn ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan fún un, ẹni tí ó bá ọkọ̀ tí ó fẹ́ bú gbàmù run, kí ewu tí ó wà nínú ọkọ̀ náà má baà kan àwọn ènìyàn etí òkun. Jane wò ó bí ohun tí ó burú, pé ẹ̀mí kan ṣòfò. Olúndé wò ó bí ohun ìwúrí, pé ẹnì kan fi ẹ̀mí rẹ̀ ra ìyè fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òyìnbó ni ọ̀gá ọkọ̀ náà. Òyìnbó ni Jane. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀yọ́ ni ikú ọkùnrin náà yé. Nígbà tí Olúndé wá sọ ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ ṣe, kò lè yé Jane pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ti ń sọ bọ̀.

Bí mo ti ka ibẹ̀, mo ronú lórí ara wa. Àwa tí a ń wàásù pé Olúwa wa fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìbá ṣe pé àwa ni ó kọ́kọ́ mọ ohun tí Ẹlẹ́ṣin rò pé òun ń ṣe, bí a kò tilẹ̀ lè fi ọwọ́ sí i. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì, iṣẹ́ olùkọ́ ìjọ sì ni láti sọ ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kọ́kọ́ rí ìjọra, kò lè sọ ìyàtọ̀. Èébú nìkan ni yóò sọ.

Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, Ṣóyínká kìlọ̀ gidigidi pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka ìwé òun bí ìjà láàárín àṣà méjì. Ó ní iṣẹ́ tí Òyìnbó ṣe níbẹ̀ kò ju iṣẹ́ ẹni tí ó ta iná sí ohun tí ó ti gbẹ nílẹ̀ lọ. Ohun tí eré náà ń wò ni ọkàn Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀, àti ọ̀nà tí ó so ayé mọ́ ọ̀run. Mo gbà á gbọ́ dé ìdajì. Ní tòótọ́, kì í ṣe Pilkings nìkan ni ó dá Ẹlẹ́ṣin dúró. Adùn ayé dá a dúró. Ìyàwó tuntun dá a dúró. Ní àhámọ́, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé nígbà tí ọwọ́ Òyìnbó kan òun, ọkàn òun fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé àwọn òrìṣà ni ó rán an. Èyí ni ẹ̀bi rẹ̀, kò sì sí ajẹ́lẹ̀ tí ó lè bá a pín in.

Ṣùgbọ́n ìdajì kejì ni n kò lè gbà. Bí kì í bá ṣe ọ̀ràn ìyàtọ̀ àṣà rárá, kí ni ìdí tí òǹkọ̀wé fi fi gbogbo ìran kejì àti ìkẹrin ṣe àfihàn bí Òyìnbó ti ń wo nǹkan? Ohun tí ó ń sá fún, bí ó ti yé mi, ni kí a má ṣe fi àṣà méjì sí orí òṣùwọ̀n, bí ẹni pé méjèèjì wá sí ọjà pẹ̀lú ọlá kan náà. Ọ̀kan di ìbọn mú, òmíràn kò dì í mú. Níbẹ̀ ni mo wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìyàtọ̀ ojú kò pa ẹnikẹ́ni ní Ọ̀yọ́. Ohun tí ó pa ènìyàn ni kí ẹni tí ó ní agbára rò pé òun kò ní ìdí láti béèrè.

Ó tó àkókò kí n jẹ́wọ́ ìdí tí ìwé yìí fi wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olóyè nínú ẹbí wa, jáde láyé. Bí mo ti gbọ́ pé wọn yóò ṣe ètò ilé ní alẹ́, mo gbé Bíbélì mi dání, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá, n kò sì wọlé. Mo rò pé ẹ̀rí ni mo ń jẹ́. Ìyá àgbà kan jáde sí mi, kò bínú, ó kàn ní, "Ọmọ mi, ǹjẹ́ o ti bi wá léèrè ohun tí a fẹ́ ṣe?" N kò dá a lóhùn.

Ní ọjọ́ kejì ni àbúrò mi obìnrin sọ fún mi bí ó ti rí. Ètùtù kan wà tí wọ́n ṣe, tí èmi kò ní bá wọn ṣe lónìí pàápàá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n ti lo ohun tí ó ju wákàtí kan lọ láti ki oríkì ẹbí wa láti orí ẹni àkọ́kọ́ tí ó tẹ ilé náà dó títí dé orí òkú. Bí wọ́n bá dé orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó dúró fún ẹ̀ka náà a dáhùn. Nígbà tí wọ́n dé orí ẹ̀ka bàbá mi, wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n sì dúró. Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Wọ́n fo ibẹ̀, wọ́n ń bá a lọ.

Nígbà tí mo ka ìwé Ṣóyínká lẹ́yìn èyí, mo wá ara mi nínú rẹ̀. Mo rò pé n óò rí ara mi nínú Olúndé, ọmọ tí ó kàwé tí ó sì padà wálé. N kò rí ara mi níbẹ̀. Pilkings ni mo rí, ẹni tí ó mọ òfin, tí ó ní ọkàn rere, tí kò sì béèrè. Ó dùn mí, nítorí Pilkings jẹ́ àlejò. Èmi ni ọmọ ilé.

Ìwé rere kì í ṣe aláìní àléébù, iṣẹ́ àríwísí sì ni láti sọ ọ́. Àléébù kìíní ni pé Pilkings fúyẹ́ jù. Òǹkọ̀wé fún Ẹlẹ́ṣin àti Ìyálọ́jà ní ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀ bí kànga, ṣùgbọ́n ó fi Òyìnbó náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú àti ìyára nìkan. Ẹni tí ó fẹ́ dá ikú dúró ní ẹjọ́ rere lọ́wọ́; ìbá dára kí a gbọ́ ẹjọ́ náà láti ẹnu ẹni tí ó lè rò ó. Àléébù kejì wúwo ju ìyẹn lọ. Olúndé, tí ń kọ́ bí a ti í wo àwọn ènìyàn sàn, kú ní ibi tí ojú wa kò tó. A kò gbọ́ bí ó ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́. Òkú rẹ̀ nìkan ni a rí. Nínú Ọba Wàjà, eré tí Dúró Ládiípọ̀ ti ṣe ní ọdún 1964 lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà, Gánà ni ọmọ náà ti wá, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Ṣóyínká ni ó rán an lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì, kí a lè rí ẹni tí ó mọ ojú méjèèjì tí ó sì yan ọ̀kan. Nígbà tí ó ti yí i báyìí, ó jẹ wá ní gbèsè ìdí tí ọmọ náà fi yàn bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ ilé-ìwé bá bi mí léèrè pé ṣé ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó wà fún ẹni tí ó fẹ́ràn àṣà bàbá rẹ̀ nìyẹn, n óò sọ fún un láì ṣiyèméjì pé kì í ṣe òun.

Ìtàn Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí mi. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ wa ní Ọ̀yọ́, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà kan rí àrẹ̀mọ Aláàfin a máa bá bàbá rẹ̀ kú. Ọba Àtìbà ni ó yí i padà. Ó fẹ́ kí Adélù ọmọ òun jọba lẹ́yìn òun, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn olórí. Ìbàdàn gbà, Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀, ó ní bàbá wa kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, Adélù gorí ìtẹ́, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, Ìjàyè sì fọ́ ní 1862. Ọlá Rótìmí ti fi ọ̀ràn yìí ṣe eré nínú ìwé rẹ̀ Kurunmi, tí ó jáde ní 1971, ó sì dára kí a ka ìwé méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí nínú rẹ̀. Èkíní ni pé àṣà kò jẹ́ òkúta rí. Kí Òyìnbó tó gbé ẹ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, àwọn tí ó ni àṣà ti ń yí i padà. Èkejì ni pé àṣà kì í ní ohùn kan ṣoṣo. Yorùbá ni Àtìbà, Yorùbá ni Kúrunmí, ọ̀rọ̀ kan náà sì gbé wọn dé ojú ogun. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ kan bá dúró níwájú àwọn ọmọ tí ó ní, "Àwa Yorùbá, báyìí ni a ti ń wo ayé," kí ó rántí pé ẹ̀gbọ́n kan lè wà ní ìdí ilé kan náà tí kò wò ó bẹ́ẹ̀. N kò sì sọ pé bíbéèrè a máa pa ìjà. Àtìbà béèrè, ogun sì wá. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ja ogun náà mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Ní ọdún 1945, ẹni tí ó mú Jínádù kò mọ̀.

Ó kù kí n sọ bí a ti lè fi ìwé yìí kọ́ni. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì bá nira fún, kí ó mú ti Ìṣọ̀lá, nítorí nínú èdè wa, òwe Ìyálọ́jà ti padà sílé. Ẹni tí kò bá lè rí ìwé, fíìmù kan wà tí Bíyì Bándélé ṣe, Elesin Oba, tí ó jáde ní ọdún 2022, ọdún tí Bándélé fúnra rẹ̀ kú. Èdè Yorùbá ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe sọ fún àwọn ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹni tí ó jàre. Kí ó pín kíláàsì: kí ọmọ ìjọ gba ẹjọ́ Àmúsà rò, kí ọmọ Mùsùlùmí gba ẹjọ́ Joseph rò, kí ọmọ tí ilé rẹ̀ ní egúngún gba ẹjọ́ Pilkings rò. Mo ti ṣe é ní Ìkòtún. Ọmọkùnrin Ẹ̀gbẹ́dá tí ó fi àwo rẹ́rìn-ín ni mo fún ní ẹjọ́ Ẹlẹ́ṣin. Ó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, ó ní òun fẹ́ lọ sí ilé àgbà kan ní Ìṣẹrí láti bi í bí ọ̀rọ̀ àwo náà ti jẹ́ gan-an. Mo ní kí ó lọ, kí ó kúnlẹ̀ kí ó tó béèrè. Ó ní nílé àwọn, ìdọ̀bálẹ̀ ni ọkùnrin ń ṣe. Mo ní òótọ́ ni, kí ó dọ̀bálẹ̀.